Òkété Olùtọ́wò àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ṣé oúnjẹ ló há yín lọ́fun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí gbirigbiri, kò dúró lórí òkè, kò dúró sínú igbó, orí ahọ́n Òkété ló lọ bà lé. Ládùnńní, sún sẹ́yìn, o jókòó lé etí aṣọ mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lórí ìjókòó lọ́hùn-ún, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mosúnmọ́lá ọmọ mi, ìwọ tí o ti ìlú ńlá dé lánàá, tí o ya fọ́tò ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè nírọ̀lẹ́ yìí títí ó fi tutù, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Má bínú. Ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gbé pọ̀ ní ìlú kan ṣoṣo, Òkété kan wà tí ẹnu rẹ̀ mọ adùn. Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ràn oúnjẹ. Gbogbo wa la fẹ́ràn oúnjẹ. Ti Òkété yàtọ̀. Bí ọbẹ̀ bá ti kan ahọ́n rẹ̀ báyìí, á sọ irú igi tí wọ́n fi dáná rẹ̀ fún ọ. Á sọ bóyá obìnrin tó lọ ata náà ń bínú nígbà tó ń lọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé ní òdìkejì odò, nínú ahéré kékeré kan. Bí ìyá bá ń se ọbẹ̀, á kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀, á ní, "Lá a. Kí lẹnu rẹ wí?"

Òkété kékeré á lá a, á ní, "Ó ní iyọ̀, Ìyá mi."

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní irú."

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní ata yìí kò tíì pọ́n tán kí ẹ tó já a."

Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á wá bu ọbẹ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Obìnrin náà kò ní oko ńlá, kò ní ilé ńlá. Ẹnu yìí ni ogún tó fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Òkété wá dàgbà, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ adùn tó báyẹn, ṣé ẹ̀bọ̀lọ̀ etí odò ni yóò máa jẹ títí ayé? Ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó sọdá odò wá sáàárín ìlú. Kò fẹ́ràn ọkọ́, kò fẹ́ràn àdá. Ìdí ààrò lẹ ó ti máa bá a. Bí èéfín bá ti yọ nílé kan, Òkété ti dé. "Mo bá yín re o." Àwọn ará ìlú bá ń pè é ní wọ̀bìà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń fi kọrin tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó sì ń dùn ún. Ẹ má rò pé kò dùn ún. Òun nìkan ló mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kì í ṣe ikùn nìkan ló ń gbé òun kiri.

Ìlú yẹn wá ní àṣà kan. Ní ọrọọrún, ìyẹn ní ọjọ́ ọjà wọn, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé ìkòkò kan wá sábẹ́ igi ọdán. Ẹni tó bá gbé ìkòkò wá, á jẹ nínú gbogbo ìkòkò tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan wá kò gbọdọ̀ jókòó. Àṣà náà dára. Bí oko ẹnì kan kò bá ṣe dáadáa, bó bá ti lè rí ewé díẹ̀ sè, ebi kò ní pa á.

Lọ́jọ́ kan, Òkété tún wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọdán lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó Àgbọ̀nrín ṣí ìkòkò ẹ̀gúsí rẹ̀, ó rí i, ó ní, "Òkété, bó o bá tọrọ nǹkan lónìí, màá fi orógùn yìí bá ọ wí."

"Mi ò tọrọ nǹkan, Ìyá. Mo kàn fẹ́ bi yín léèrè ni." Òkété na imú sí ìkòkò. "Ṣé ọ̀sán gangan lẹ já ata yìí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ata náà ló ń sọ ọ́. Oòrùn ti wọ inú rẹ̀. Ata àárọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ ì bá bá ẹ̀gúsí yìí rẹ́ jù báyìí lọ. Igi tútù lẹ sì fi dáná, àbí?"

Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò kejì wá, ó sọ tibẹ̀. Wọ́n gbé ìkẹta wá, ó sọ tibẹ̀ náà. Ọba Ẹfọ̀n, tó ń jọba lórí gbogbo wọn nígbà náà, dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Wọ̀bìà là ń pe ọmọ yìí, a ò mọ̀ pé ọ̀mọ̀ràn ni." Ọjọ́ náà ni wọ́n fi Òkété jẹ Olùtọ́wò. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jẹ nínú ìkòkò kankan mọ́, àfi tí Olùtọ́wò bá tọ́ ọ wò tó ní ó dára.

Inú Òkété dùn lọ́jọ́ náà, kò lè sùn. Ohun tí wọ́n fi ń bú u lánàá ni wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí lónìí.

Àwọn ará ìlú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Gbogbo wọn ló di ọ̀mọ̀ràn oúnjẹ. Ọ̀bọ kò lè jẹun mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ ya àwòrán oúnjẹ náà sórí iyanrìn. Á yà á láti iwájú, á yà á láti ẹ̀yìn, á ní kí Ìgalà yẹra nítorí òjìji rẹ̀ bo ọbẹ̀. Kó tó yà á tán, eṣinṣin ti jẹ tiwọn yó. Ewúrẹ́, Ewúrẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, tó ń jẹ àkísà, tó ń jẹ okùn, òun náà ní ewé tí kò bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ikùn òun kò gbà á. Pẹ́pẹ́yẹ á fi ẹ̀bà sẹ́nu, á di ojú, á ní, "Mo ń gbọ́ òjò àkọ́rọ̀ nínú rẹ̀." Òjò wo? Ẹ̀bà ni. Ìgalà kì í jẹ iṣu mọ́ láìbéèrè orúkọ àgbẹ̀ tó kọ ebè rẹ̀, orúkọ bàbá àgbẹ̀ náà, àti bóyá inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ tó gbìn ín. Ọ̀yà jẹ odidi àwo ata kan, omi ń dà lójú rẹ̀, ikun ń dà nímú rẹ̀, ó ní kò ta òun rárá, pé ata ìlú ìyá òun ló ń ta.

Wọ́n tún dá àrà mìíràn. Wọ́n á já ewé kókò tó fẹ̀ bí ẹní, wọ́n á gbé hóró ẹ̀wà méjì sí àárín rẹ̀, wọ́n á wá fi ọbẹ̀ fa ìlà tín-ín-rín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà náà. Wọ́n á ní, "Ẹ wo bó ti rẹwà." Àwọn ọmọ ń wo ewé, wọ́n ń wá oúnjẹ. Oyèkànmí, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín? Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ fún ọ, ewé náà lo máa jẹ.

Mi ò bú wọn o. Ó dára kí ènìyàn mọ ohun tó ń jẹ. Ẹni tó kàn ń da oúnjẹ sínú láìmọ adùn rẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí àpò? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bà jẹ́ ni mo ń lọ.

Òjò kọ̀, kò rọ̀ lọ́dún kan. Ìkòkò tó ń wá sábẹ́ ọdán bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Òkété kò lóko, ẹ rántí. Ìtọ́wò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀kán kan sí àtẹ́lẹwọ́ kò sì lè yó ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, Àparò gbé gbẹ̀gìrì wá. Ọbẹ̀ náà ti jóná díẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà ń ké, kò ráyè rò ó. Òkété tọ́ ọ wò, ó mi orí, ó ní kò ṣe é jẹ. Òtítọ́ ló sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọba Ẹfọ̀n bi í pé, "Kí la ó wá ṣe sí i?"

Òkété ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kùn. Ó kàn gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ pé, "Kábíyèsí, oúnjẹ tó bà jẹ́, bí a bá dà á síta, òórùn rẹ̀ á wọnú àwọn ìkòkò yòókù. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sin ní ẹ̀yìnkùlé mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sin ín."

"Ó mà ń ṣe wàhálà fún wa o," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Olùtọ́wò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

Ó gbé e délé, ó gbẹ́ ihò. Ó wo ìkòkò, ìkòkò wò ó. Ó ní kí òun tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má lọ jẹ́ pé òun ṣi ẹjọ́ dá. Ìgbà tí yóò fi gbé orí sókè, ìdí ìkòkò ló ń lá. Òfìfo ìkòkò ló sin.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọrọọrún kan tí Òkété kì í rí ìkòkò tí kò ṣe é jẹ. Bí irú bá wà lọ́bẹ̀, á ní òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí kò bá sí irú, á ní kò ní òórùn rárá. Ọ̀yà se àsáró lọ́jọ́ kan, tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ń pe ẹni tó wà lóko wálé. Òkété lá a, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀yà, inú rẹ kò dùn nígbà tó o ń se àsáró yìí."

Ọ̀yà ní, "Inú mi dùn o, Olùtọ́wò. Mo tiẹ̀ ń kọrin."

"Orin wo?"

Ọ̀yà kọ orin náà fún un.

"Ẹ ẹ̀ rí i?" ni Òkété wí fún gbogbo àwùjọ. "Orin yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ẹ gbé e wá, kí n lọ sin ín."

Wọ́n sì gbé e fún un. Ìkòkò tí òórùn rẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára jù lọ ni yóò dá lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n bá sì dá ìkòkò rẹ̀ lẹ́bi, ó dà bí ẹni tí kò gbé nǹkan wá, kò gbọdọ̀ jókòó. Àparò àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà fi ebi sùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òkété ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tó ń kó èyí tí kò bá lè jẹ tán pamọ́ sí, ti fẹ̀ bí àpò.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìyá ṣì wà ní òdìkejì odò. Ó ti darúgbó, eyín rẹ̀ ku méjì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí Àgbọ̀nrín bá pàdé Òkété lójú ọ̀nà, á ní, "Ìyá rẹ á mà ń gbádùn lásìkò ọ̀dá yìí o. Ẹni tó bí Olùtọ́wò." Òkété á ní bẹ́ẹ̀ ni, á yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Kì í ṣe pé kò rántí ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kó oúnjẹ sẹ́rẹ̀kẹ́, tó ní ìyá òun ni òun ń gbé e lọ fún. Bó bá rìn dé ìdí igi ìyeyè, á ní kí òun gbé díẹ̀ mì, kí ẹrù lè fúyẹ́. Bó bá tún rìn síwájú, á tún gbé díẹ̀ mì. Kó tó dé etí odò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ṣófo. Ojú á wá tì í láti lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Á ní ó di ọrọọrún tó ń bọ̀, á padà sílé. Bí oṣù mẹ́ta ṣe kọjá nìyẹn.

Ìyá gbọ́ lódìkejì pé ọmọ òun ti joyè. Inú rẹ̀ dùn. Kò bínú pé kò wá, ó ní iṣẹ́ ìlú ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á. Ọjọ́ méjì ti kọjá tí kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Ó wá rò ó pé, "Èmi náà á gbé ìkòkò kan lọ sábẹ́ ọdán. Màá rí ọmọ mi, màá sì rí oúnjẹ jẹ." Ó já ẹ̀bọ̀lọ̀ létí odò. Ó tu olú lábẹ́ igi tó ti rà. Ẹ̀kúnwọ́ irú kan ló kù nílé, ó dà á sí i. Ó na ọwọ́ sí igbá iyọ̀, kò kan nǹkan kan. Ó dorí igbá náà kodò, ó gbọ̀n ọ́n, igbá ti gbẹ. Ó ní, "Ọmọ mi á mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀." Ó ru ìkòkò, ó sọdá odò, ó ń kọrin lọ. Ẹ gbè é fún mi o. "Tọ́ ọ wò, tọ́ ọ wò" lẹ ó máa wí.

Ìyá ru ọbẹ̀ bọ̀ o,
Tọ́ ọ wò, tọ́ ọ wò.
Ẹ̀bọ̀lọ̀ etí odò o,
Tọ́ ọ wò, tọ́ ọ wò.
Iyọ̀ ló ti tán nílé o,
Tọ́ ọ wò, tọ́ ọ wò.
Ọmọ mi ni yóò mọ̀ ọ́n o,
Tọ́ ọ wò, tọ́ ọ wò.

Ó dé abẹ́ ọdán nígbà tí wọ́n ti to ìkòkò tán. Olùtọ́wò ti wá ṣe òfin tuntun kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró ti ìkòkò rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣe ojúsàájú. Ìyá gbé tirẹ̀ sí ìkẹyìn, ó fi ìborùn bo orí, ó lọ jókòó sẹ́yìn Àparò.

Òkété jáde. Ẹ bá mi wo ìrìn rẹ̀. Ikùn ló ṣáájú, òun ń tẹ̀ lé e. Ó tọ́ ìkòkò kìíní wò, ó ní ó dára. Ó tọ́ ìkejì wò, ó ní ó dára. Ọ̀dá ti mú débi pé kò sí èyí tó wù ú láti gbé lọ sílé, omi lásán ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ó wá kan ìkòkò ìkẹyìn. Ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a.

Ó dúró.

Ẹ̀bọ̀lọ̀ etí odò ni. Olú ni. Irú tí wọ́n bò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni, tí ẹni tó bò ó kò kánjú ṣí i. Ó mọ ọwọ́ yẹn. Kò sí ọwọ́ mìíràn láyé tó ń se ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ ohun kan sí i, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í parọ́ fún un. Kò sí iyọ̀. Ìyá rẹ̀ kì í gbàgbé iyọ̀. Bí ìyá rẹ̀ kò bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, a jẹ́ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ilé tí iyọ̀ bá sì ti tán, kí ló tún kù níbẹ̀?

Ọkàn rẹ̀ ní, sọ pé ó dára, kí ìyá rẹ rí ibi jókòó. Ikùn rẹ̀ ní, bó o bá sọ pé ó dára, Ọ̀bọ á jẹ níbẹ̀, Ewúrẹ́ á jẹ níbẹ̀, wọn ò ní pín in dé ọ̀dọ̀ rẹ kó tó tán. Ó ti pẹ́ tó ti tọ́ irú ọbẹ̀ yìí wò gbẹ̀yìn. Òùngbẹ ilé ń gbẹ ẹ́. Ló bá rí ọ̀nà kan tó dùn mọ́ ọn. Ó ní, "Màá dá a lẹ́bi, màá gbé e délé, màá jẹ ìlàjì. Ìlàjì tó kù, màá gbé e lọ fún Ìyá mi nírọ̀lẹ́ òní." Ó sì gba ara rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ti gbé oúnjẹ ìyá rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà, ó gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀. Ẹni tó sè é kò mọ ọbẹ̀ sè. Kò ṣe é jẹ. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sin."

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn Àparò, ó ṣí ìborùn kúrò lórí.

"Kábíyèsí," ni arúgbó náà wí, "èmi ni mo ni ìkòkò yẹn. Èmi náà ni mo bí Olùtọ́wò."

Gbogbo wọn wo ara wọn.

"Mi ò bá a jiyàn. Ó ní kò dára, kò dára náà nìyẹn. Ọbẹ̀ yìí ló jẹ dàgbà, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Wọ́n ní ọmọ mi ti ń ru ìkòkò kiri jù. Ọbẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi dà á nù. Kó má ṣe gbẹ́ ihò nítorí tèmi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò náà. Ó tẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ ń yọ́ bọ̀ létí rẹ̀.

Òkété kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ òun gbéra. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má dà á nù," ó bẹ́ sábẹ́ ìkòkò, ó la ẹnu. Ọbẹ̀ dà sí i lẹ́nu. Ẹ̀bọ̀lọ̀ wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, olú wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọbẹ̀ gbóná, kò lè gbé e mì. Ọbẹ̀ dùn, kò lè tu ú dànù. Ó dúró bẹ́ẹ̀ láàárín gbogbo ìlú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí àpò, omi ń dà lójú rẹ̀.

Àparò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Olùtọ́wò, ṣebí ẹ ní kò ṣe é jẹ?"

Òkété nawọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kún.

"Ṣé bí gbẹ̀gìrì tèmi náà kò ṣe ṣe é jẹ nìyẹn?"

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ. Wọ́n wú ilẹ̀. Ìkòkò lórí ìkòkò ni wọ́n ń wú jáde, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, èèrà pàápàá kò lè rí nǹkan lá níbẹ̀. Ọ̀yà rí ìkòkò àsáró rẹ̀, ó jókòó tì í, kò kọrin. Pẹ́pẹ́yẹ ki imú bọ tirẹ̀, ó di ojú fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ òjò kankan níbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọba Ẹfọ̀n padà wá sábẹ́ ọdán. Kò bínú, ìbànújẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Òkété, ẹ̀bùn lo ní. Àwa la torí ẹ̀bùn náà fi ọ́ joyè, ìwọ lo fi oyè náà jẹ wá níyà. Láti òní lọ, o kò gbọdọ̀ bá wa jókòó nídìí oúnjẹ mọ́. Ojú wa kò gbọdọ̀ rí ọ lọ́sàn-án." Ó wá yíjú sí arúgbó. "Ìyá, ẹ jókòó. Àṣìṣe ni wọ́n fi dá ìkòkò yín lẹ́bi. Ẹ wá jẹun."

Àparò ti ń nu ibi ìjókòó fún un. Ẹni tí ebi ti ń pa fún ọjọ́ méjì, ó wo oúnjẹ, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Á gba ibi ire. Ibi tí wọ́n ti lé ọmọ mi, mi ò lè jókòó jẹun níbẹ̀. Ẹ fi tèmi fún àwọn ọmọ Àparò."

Ó gbé òfìfo ìkòkò rẹ̀, ó kọrí sí odò. Òkété ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ya àwòrán kankan sórí iyanrìn. Àwọn ọmọ Àparò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, wọ́n sì bù ú kún.

Wọ́n dé ìdí igi ìyeyè. Ọbẹ̀ ti tutù lẹ́nu Òkété, ó ti ṣe é gbé mì. Kò gbé e mì. Wọ́n rìn síwájú, kò gbé e mì. Wọ́n dé etí odò. Ẹkún ló ń sun láti ìlú, omijé ń gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ wọ ẹnu, kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi dénú ahéré. Ìyá gbé àwo kalẹ̀. Òkété tẹ orí ba, ó da ohun tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sínú àwo náà, ó da tòsì náà sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oúnjẹ sọdá odò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá mú díẹ̀ níbẹ̀, ó kán an sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó lá a.

"Kí lẹnu yín wí, Ìyá mi?" ni Òkété béèrè.

Ìyá ní, "Ó ní ọbẹ̀ mi ti níyọ̀."

Ó fa àwo mọ́ra, ó jẹun. Òkété jókòó, ó ń wò ó, kò tọrọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé o. Òun ló fà á tí òkété kì í fi jáde lọ́sàn-án mọ́. Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé bó bá rí oúnjẹ lóko, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kó o sí, ó di ilé. Ó dára kí ẹnu mọ adùn. Àmọ́ kí ẹnu tó máa sọ irú ata tó wà lọ́bẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó se ọbẹ̀ náà ti jẹun. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ẹ̀kọ tí mo dì sẹ́wé nírọ̀lẹ́ yìí má dì mọ́jú.

Mosúnmọ́lá, ṣé o gbọ́? Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kó o bu ìkọ́kọrẹ́ tó kù wá fún mi. Láti ìgbà tí o ti ń yà á ní fọ́tò, kò tíì sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.